Bí Ilé Ìwòsàn Àdúgbò Ṣe Lè Múra Sílẹ̀ De Ìkọlù Ọkàn

Ẹni tí ìkọlù ọkàn bá mú ní Ìwàyá, ní Bariga tàbí létí omi Makoko kì í sábà kọ́kọ́ dé LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó. Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò ni wọ́n máa ń gbé e lọ, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́lé, wọ́n mọ nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lórúkọ, owó ibẹ̀ kò sì ga jù. Lóru, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì kan, CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò) kan àti bàbá tó ń ṣọ́ géètì nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn ni mo kọ èyí fún, àwọn àti ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù tó ń bá wọn wá owó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní abúlé lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì náà lè lò ó. Ọ̀nà tiwọn jìn ju tiwa lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ tètè gbéra jù wá lọ.

Ilé ìwòsàn kékeré kò lè ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dí nínú ọkàn, ẹnikẹ́ni kò sì retí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ yín ni pé kí ẹ tètè dá a mọ̀, kí ẹ fún un ní aspirin, kí ẹ ya ECG (ìlà tí ẹ̀rọ ń yà sórí bébà láti fi bí iná inú ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn), kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè ṣí iṣan náà. Bí ọkàn bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójú yín, kí ẹ mọ bí a ṣe ń tẹ àyà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ olówó gọbọi, tí kò sì sí aspirin kan ṣoṣo nínú dúrọ́ọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi to àwọn ìgbésẹ̀ yìí bí mo ṣe tò wọ́n: ohun tí kò náni lówó ló ṣíwájú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì

Kí ẹ tó kọ̀wé béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ jáde síta, kí ẹ wá wọlé bí aláìsàn. Ta ni ẹ kọ́kọ́ bá pàdé? Lọ́pọ̀ ibi, ẹni tó ń ta káàdì ni. Yóò ní kí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí ẹ dúró de nọ́ńbà yín. Bí ẹni tí àyà ń dùn bá jókòó lẹ́yìn àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, àkókò tó ṣe iyebíye jù lọ ti lọ kí nọ́ọ̀sì tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, àyà dídùn kì í tò sórí ìlà, wọn kì í sì í béèrè owó káàdì lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó dá a lóhùn. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, kí ẹ sì kọ́ ẹni tó ń ta káàdì, ẹni tó ń gbálẹ̀ àti ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní ohun tí wọn yóò gbọ́ tí wọn yóò fi pariwo pe nọ́ọ̀sì. Aláìsàn kò ní sọ pé "ìkọlù ọkàn mú mi." Yóò sọ pé "àyà ń fún mi," "nǹkan wúwo jókòó sí mi láyà," "ó ń ta mí dé èjìká òsì," "ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro mí," "mi ò lè mí dáadáa." Òógùn tútù lè bò ó lójijì nígbà tí ooru kò mú. Bí ẹ bá ní kó fi ọwọ́ hàn yín ibi tó ń dùn ún, ọ̀pọ̀ wọn kì í na ìka kan ṣoṣo. Wọ́n á di ọwọ́ wọn, wọ́n á gbé e lé àárín àyà.

Àwọn kan kò ní rí bẹ́ẹ̀ rárá. Obìnrin, àgbàlagbà àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè má ní ìrora kankan tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kàn sọ pé ó rẹ àwọn, èébì ń gbé àwọn, èémí kò délẹ̀. Ọ̀pọ̀ yóò sì ti fúnra wọn sọ orúkọ àìsàn náà kí wọ́n tó dé: "ọgbẹ́ inú ni," "afẹ́fẹ́ ló há mi láyà," "mo gbé ẹrù wúwo lánàá." Ẹ gbọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ ya ECG. Bí ẹbí bá sì ń sọ pé ọfà ayé ni, ẹ má jókòó bá wọn jiyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbàdúrà wọn bọ̀ nínú ọkọ̀.

Ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́

Ẹ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, kí àyà àti orí rẹ̀ ga díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó rìn lọ sí yàrá míì, ẹ má jẹ́ kó lọ tọ̀ níta. Ẹnì kan ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó ń há òsìmítà, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìdá ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ hàn, mọ́ ìka, ó ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ẹnì kejì ń gbé ẹ̀rọ ECG bọ̀. Ìlànà àgbáyé ni pé kí ECG àkọ́kọ́ ti jáde láàárín ìṣẹ́jú 10 tí aláìsàn wọlé. Ẹ kọ aago tó wọlé sẹ́yìn ọwọ́ yín bí kò bá sí bébà nítòsí, kí ẹ sì bi í léèrè aago tí ìrora náà bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ìdáhùn yẹn ni dókítà tó máa gbà á yóò kọ́kọ́ béèrè.

Aspirin ló kàn. Ìbéèrè méjì péré ló ṣíwájú rẹ̀: ṣé aspirin ti mú kí ara rẹ̀ wú tàbí kó máa mí hẹlẹ rí? Ṣé ó ń bi ẹ̀jẹ̀ tàbí ó ń yàgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà lọ́wọ́lọ́wọ́? Bí kò bá sí èyíkéyìí, ẹ fún un ní mílígíráàmù 300. Kó rún un lẹ́nu dáadáa kó tó gbé e mì, nítorí pé èyí tí a rún tètè ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ hóró 75 ni ẹ ní, hóró 4 ni. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ISIS-2, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1988, kó aláìsàn 17,187 jọ. Aspirin nìkan dín iye àwọn tí àìsàn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa láàárín ọ̀sẹ̀ 5 kù ní ìdá 23 nínú 100. Oògùn tí a ń rà ní kémíìsì èyíkéyìí ní Yábàá ni mò ń sọ yìí. Kò sí àwáwí fún ilé ìwòsàn tí kò ní in.

Oògùn abẹ́ ahọ́n tí a ń pè ní GTN ń dín ìrora kù, ṣùgbọ́n ó ń já ìfúnpá wálẹ̀. Bí nọ́ńbà òkè ìfúnpá kò bá tó 90, ẹ má fún un. Ẹ má sì fún ọkùnrin tó lo oògùn agbára bíi sildenafil láàárín wákàtí 24, tàbí tadalafil láàárín wákàtí 48, nítorí pé méjèèjì lè pawọ́ pọ̀ gbé e ṣubú. Bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún kò ní jẹ́wọ́ èyí lójú ìyàwó àti ọmọ. Ẹ ní kí àwọn ẹbí bọ́ síta díẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Bàbá, ẹ má bínú sí mi, ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì fún oògùn tí mo fẹ́ lò. Ṣé ẹ lo oògùn ọkùnrin lánàá tàbí lónìí?" Bí ẹ bá béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n máa ń sọ òótọ́.

Ọ́síjìn kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Bí òsìmítà bá fi 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, tó sì ń mí dáadáa, ẹ tọ́jú sìlíńdà yín fún ẹni tó nílò rẹ̀.

Ohun mẹ́ta tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe

Àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́ diclofenac. Ẹni tó bá ń ké "àyà mi o" ni a máa ń sáré gún ní ìdí, nítorí ìrora ni, diclofenac sì ni oògùn ìrora tó wà nílẹ̀. Irú oògùn yẹn kò dára fún ọkàn tó wà nínú ewu. Bí wọ́n bá sì fún aláìsàn náà ní oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ní ilé ìwòsàn ńlá, ojú abẹ́rẹ́ yẹn lè máa dà ẹ̀jẹ̀ sínú ẹran ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ inú ẹran kankan kò yẹ ẹni tí a fura sí pé ìkọlù ọkàn mú. Inú iṣan ni gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gbà.

Èkejì ni nifedipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n ń fọ́ sábẹ́ ahọ́n nítorí pé ìfúnpá ga. Ìfúnpá tó já lulẹ̀ lójijì lè fa rọpárọsẹ̀, ó sì lè mú kí ìkọlù ọkàn náà le sí i. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ 200/110, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà lórí fóònù, ẹ máa palẹ̀ mọ́ láti gbé e lọ.

Ẹ̀kẹta ni drip. Mo mọ ìdí rẹ̀: ẹbí dúró yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n fẹ́ rí i pé a ń ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n ọkàn tó ti rẹ̀ kò lè gbé lítà omi kan tí a dà lé e lórí, omi yẹn yóò lọ kún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi kánúlà, ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín, sí iṣan apá, ẹ fi omi iyọ̀ díẹ̀ ṣàn án, ẹ dì í pa, ẹ sì sọ fún ẹbí pé ọ̀nà tí oògùn yóò gbà lẹ ṣí sílẹ̀ yẹn.

ECG: yíyà á àti fífi í ránṣẹ́

Kò dìgbà tí nọ́ọ̀sì bá lè ka ECG bíi dókítà ọkàn. Ohun tí a fẹ́ ni kó yà á dáadáa, kó sì dé ọwọ́ ẹni tó lè kà á.

Ẹ nu òógùn kúrò láyà, ẹ fi abẹ tuntun fá irun tó bá pọ̀. Ẹ wá ihò ọ̀fun níbi tí egungun àárín àyà ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fa ìka wálẹ̀ títí tí yóò fi kan gegele kan. Egungun ìhà kejì ló bá gegele yẹn mu. V1 dé V6 ni orúkọ okùn mẹ́fà tí a ń lẹ̀ mọ́ àyà. Ẹ máa ka àlàfo àárín egungun ìhà wálẹ̀: V1 wà ní àlàfo kẹrin ní ọwọ́ ọ̀tún egungun àárín àyà, V2 ní ọwọ́ òsì. V4 wà ní àlàfo karùn-ún, lábẹ́ àárín gbùngbùn egungun èjìká òsì. V3 wà láàárín V2 àti V4. V5 àti V6 wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú V4, wọ́n ń lọ sí abẹ́ abíyá. Fún obìnrin, abẹ́ ọmú ni V4 máa ń bọ́ sí. Kí nọ́ọ̀sì obìnrin ṣe é tàbí kó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fa aṣọ bò ó.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ okùn máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Ẹ̀rọ tó wá ní ìlànà Yúróòpù ń lo pupa fún ọwọ́ ọ̀tún àti yẹ́lò fún ọwọ́ òsì. Èyí tó wá ní ìlànà Amẹ́ríkà ń lo funfun fún ọwọ́ ọ̀tún, dúdú fún ọwọ́ òsì, pupa sì jẹ́ ti ẹsẹ̀ òsì. Oríṣi méjèèjì wà l'Ékòó. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sára okùn ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, ẹ má tẹ̀ lé àwọ̀. Kí ẹ lẹ àwòrán ara ènìyàn kan mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, kí ẹ fi bírò ya ibi tí okùn tirẹ̀ ń lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ bébà náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí tábìlì lábẹ́ iná, ẹ bo orúkọ aláìsàn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè tààrà, kí òjìji ọwọ́ yín má bọ́ sí i. Ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí dókítà tí ẹ ti bá ṣe àdéhùn tẹ́lẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ orí, aago tí ìrora bẹ̀rẹ̀ àti ìfúnpá sí i. Ẹ má fi ránṣẹ́ kí ẹ wá máa wojú fóònù. Ẹ pè é. Bí ECG àkọ́kọ́ bá dára, tí ìrora kò sì lọ, ẹ tún un yà láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30. ECG tó dára lẹ́ẹ̀kan kò túmọ̀ sí pé kí wọ́n máa lọ sílé.

Bébà ECG ń lo ooru láti kọ̀wé, nítorí náà ooru Èkó ń bà á jẹ́. Èyí tí wọ́n gbé sórí fèrèsé yóò ti dúdú tàbí kó ṣá kí ọjọ́ ìlò tó dé. Inú dúrọ́ọ̀ tó tutù ni kó wà, kí ẹ sì ya ìlà kan lára ẹnikẹ́ni nínú yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ mọ̀ pé bátìrì ẹ̀rọ náà ṣì gbé iná.

Dúrọ́ọ̀ kan, kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ ibi tó wà

Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: aspirin, GTN nínú ìgò tirẹ̀ gan-an (bí a bá dà á sínú ọ̀rá, agbára rẹ̀ ń lọ), clopidogrel (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) tí ẹ óò lò bí dókítà bá pàṣẹ lórí fóònù, furosemide abẹ́rẹ́ (oògùn tó ń mú kí omi tó pọ̀ jù lára jáde), adrenaline, omi ṣúgà 50%, kánúlà, sírínjì, ìbọ̀wọ́, sísọ́ọ̀sì, abẹ, tọ́ọ̀ṣì, jẹ́lì àti bébà ECG. Ambu bag, àpò rọ́bà tí a fi ọwọ́ fún láti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró, ti àgbàlagbà àti ti ọmọdé wà lókè rẹ̀, pẹ̀lú ìbòjú tó bá ojú mu. Ẹ di ẹnu Ambu bag náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ yín, kí ẹ fún un. Bó bá rọ̀ pẹ̀ẹ́, ó ń jò, kò sì ní fẹ́ afẹ́fẹ́ kankan sí ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni. Rọ́bà rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra nínú ooru. Ọ̀pọ̀ ni mo ti rí tó dúró dáadáa lójú, tí ẹnu rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀.

Ẹ lẹ pílásítà mọ́ ẹnu dúrọ́ọ̀ náà, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé sí i. Láràárọ̀, bí pílásítà kò bá tíì já, ẹ fọwọ́ sí ìwé, ó parí. Bó bá ti já, ẹ ka gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Adrenaline inú dúrọ́ọ̀ yìí, ti ọkàn tó ti dúró ni o, kì í ṣe ti ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ kàn lọ sílẹ̀.

Níbo lowó ti ń bọ̀? Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti 2014 dá BHCPF, àpò owó ìjọba fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀, sílẹ̀, ó sì ya ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Bí ilé ìwòsàn yín bá wà nínú ètò náà, ẹ kọ aspirin, bébà ECG àti bátìrì sínú ètò ìnáwó yín bí ẹ ṣe ń kọ oògùn ibà. Ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù ló ń fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ìdí rẹ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó dé.

Bí ọkàn bá dá iṣẹ́ sílẹ̀

Ẹ pè é, ẹ gbọn èjìká rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, tí kò mí, tàbí tó kàn ń mí gan-gan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹja tí wọ́n yọ lómi, ọkàn ti dúró. Ẹ má lo ìṣẹ́jú kan láti máa wá ibi tí iṣan ti ń lù. Ẹ kígbe pe ìrànlọ́wọ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà.

Bẹ́ẹ̀dì fóòmù kò dára fún un, fóòmù ló máa ń wọlẹ̀, àyà kì í wọlé. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí kí ẹ ti pákó bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Pákó yẹn, ẹ jẹ́ kí káfíńtà àdúgbò gé e lónìí, kó máa wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi gìgísẹ̀ ọwọ́ lé ìdajì ìsàlẹ̀ egungun àárín àyà, ọwọ́ kejì lórí rẹ̀, kí apá gún régé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, kí ẹ jẹ́ kó padà wá sókè tán, ní ìwọ̀n 100 sí 120 nínú ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn 30, ẹ fi Ambu bag fẹ́ afẹ́fẹ́ méjì. Ẹ máa kà á sókè kí ẹnì kejì gbọ́. "Ẹ̀tàdínlógún, èjìdínlógún" gùn lẹ́nu, ó máa ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ ka ení dé ẹ̀wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 30 ti pé. Kí ẹlòmíràn gba iṣẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 bó ti wù kí ẹni àkọ́kọ́ lágbára tó. Bàbá géètì náà lè tẹ àyà bí ẹ bá ti kọ́ ọ.

Adrenaline mílígíráàmù 1 sínú iṣan, ní ìṣẹ́jú 3 sí 5 síra wọn, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò bá wà. Ẹ má torí àtifi kánúlà sí i dá àyà títẹ̀ dúró.

AED, ẹ̀rọ tó ń fi iná ta ọkàn jí, ni ohun olówó ńlá kan ṣoṣo tí mo máa bá yín béèrè lọ́wọ́ onínúure. Frank Pantridge ní Belfast ṣe èyí tí wọ́n lè gbé kiri ní 1965. Ó wúwo tó kílò 70, bátìrì ọkọ̀ ló sì ń gbé e. Tòní, ọwọ́ kan la fi ń gbé e, ó sì ń fẹnu sọ ohun tí ẹ óò ṣe. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó kọjá láìsí títẹ àyà àti láìsí ẹ̀rọ yìí ń gé ìdá 7 sí 10 nínú 100 kúrò nínú ìrètí pé ẹni náà yóò yè. Ẹ wo ọjọ́ ìlò bátìrì àti páàdì rẹ̀, nítorí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tọrẹ kì í sábà rántí páàdì.

Ọkàn tó ti rẹ̀, pàápàá lára ìyá ọlọ́mọ

Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa rí irú èyí, ọkàn tí kò lágbára tó láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara mọ́, ju ìkọlù ọkàn lọ. Ìwádìí THESUS-HF tó jáde ní 2012 wo aláìsàn 1,006 ní orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ọkàn tó rẹ̀ lára àwọn tó pọ̀ jù, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn kò sì ju ọdún 52 lọ. Àwọn tó ṣì ń bọ́ ilé ni wọ́n.

Ẹ óò rí ẹni tí kò lè sùn gbalaja, tó ń jókòó sùn lóru, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ìfófó lè máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fún un ní ọ́síjìn bí òsìmítà bá wà lábẹ́ 90, furosemide mílígíráàmù 40 sínú iṣan lẹ́yìn tí ẹ bá bá dókítà sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gbé e lọ.

Àwọn nọ́ọ̀sì ibi ìtọ́jú aboyún, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ èyí. Obìnrin tó wà ní oṣù ìkẹyìn oyún tàbí tó bímọ láàárín oṣù 5 sẹ́yìn, tí èémí kò tó o, tó ń fi ìrọ̀rí mẹ́ta sùn, ẹ má sọ fún un pé "oyún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀" kí ẹ tó wo ọkàn rẹ̀. Àìsàn ọkàn kan wà tó máa ń mú ìyá lásìkò yìí, Nàìjíríà sì wà lára ibi tó ti pọ̀ jù láyé.

Iná àti ọ́síjìn

Ẹ̀rọ tó ń fa ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́ dára, ṣùgbọ́n bí NEPA bá mú iná, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì ní epo, ó di àpótí lásán. Sìlíńdà kan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ẹ kọ́ ìṣirò rẹ̀: sìlíńdà E tó kún ní nǹkan bíi lítà 680. Bí ẹ bá ń lo lítà 10 níṣẹ̀ẹ́jú, ó tó ìṣẹ́jú 68. Bí ọ̀nà yín láti Ìwàyá dé ibi tí ẹ ń lọ lè gba wákàtí kan àbọ̀ nírọ̀lẹ́, kò tó. Ẹ so sípánà ṣíṣí rẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú okùn. Lóru, sípánà ló máa ń sọnù.

Gbígbé e lọ

Ibí ni mo ti rí i tí nǹkan máa ń bàjẹ́ jù. Bí iṣan ọkàn bá dí pátápátá, ìlànà àwọn dókítà ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù ni pé kí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba inú iṣan lọ ṣí i láàárín ìṣẹ́jú 120 tí ECG ti fi hàn. Bí ìyẹn kò bá ní ṣeé ṣe, kí wọ́n fún un ní oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, bí ìrora náà kò bá tíì pé wákàtí 12, bó bá sì ṣe tètè yá tó ló dára tó. Ibi tí wọ́n ti ń lo wáyà kò pọ̀ l'Ékòó. Nítorí náà, ẹ má dúró dọjọ́ tí aláìsàn bá dé kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ ń lọ.

Ẹ lọ fúnra yín, tàbí kí ẹ pè, sí àwọn ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín: Federal Medical Centre ní Ebute Metta, LUTH ní Ìdí-Àràbà, General Hospital ní Gbàgádà, LASUTH ní Ìkẹjà, fún ẹni tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, General Hospital tó wà ní Ọ̀dàn. Ìbéèrè mẹ́rin ni: Ṣé ECG àti ẹni tó lè kà á wà lóru? Ṣé oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wà nílẹ̀ lónìí, kì í ṣe lórí ìwé? Ṣé wọ́n ń lo wáyà, lọ́jọ́ wo? Nọ́ńbà ta ni a óò pè ní aago méjì òru? Ẹ kọ ìdáhùn náà sí káàdì ńlá lára ògiri, kí ẹ tún un béèrè lóṣooṣù, nítorí pé ènìyàn ń yí ibi iṣẹ́ padà, oògùn sì ń tán.

Kí káàdì náà ní ojú méjì: ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀, gbogbo ọkọ̀ Third Mainland Bridge ló dojú kọ Erékùṣù. Nírọ̀lẹ́, wọ́n dojú kọ Ọwọ́rọ̀ńṣòkí. Afárá yẹn gùn ní kìlómítà 11.8, ibi tí ẹni tó bá há sórí rẹ̀ lè yà sí kò pọ̀. Ibi tó sún mọ́ yín lójú máàpù lè jẹ́ ibi tó jìnnà jù ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó ni 767 tàbí 112. Ẹ pè wọ́n ní kété tí ẹ bá ti fura, kí ECG tó jáde pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ ní ètò kejì: awakọ̀ méjì ní gáréèjì, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ní ọkọ̀ tí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé sùn sí, tí wọ́n gbà pé àwọn yóò gbé fóònù lóru. Fún àwọn ará Makoko tó ń gbé lórí omi, ẹ bá Báálẹ̀ ṣètò ọkọ̀ ojú omi kan tó ní ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ọkọ̀ àjẹ̀ tóóró kò gba ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ láyà. Ká sáré gbé e dé èbúté ló sàn.

Ẹ má jẹ́ kó dá lọ. Ẹnì kan nínú yín yóò bá a lọ pẹ̀lú Ambu bag, sìlíńdà, adrenaline, AED bó bá wà, àti ìwé kan tí ẹ kọ nǹkan márùn-ún sí: aago tí ìrora bẹ̀rẹ̀, aago ECG (kí ECG fúnra rẹ̀ wà mọ́ ọn), oògùn tí a fún un àti aago rẹ̀, ìfúnpá àti bí ọkàn ṣe ń lù, nọ́ńbà fóònù ẹbí.

Bí wọ́n bá béèrè owó àsansílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ẹ rán wọn létí pẹ̀lú sùúrù pé ẹ̀ka 20 Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti 2014 kò gbà kí ilé ìwòsàn kankan kọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì, ló wà níbẹ̀. Ẹ tẹ ẹ̀ka yẹn jáde, kó máa wà nínú báàgì. Ẹnu nọ́ọ̀sì nìkan lè má tó, ìwé òfin máa ń ràn án lọ́wọ́.

Ìdánrawò

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọ̀sán tí ilé ìwòsàn dákẹ́, kí CHEW kan wọlé láti géètì kó sọ pé "àyà ń fún mi." Ẹ tẹ aago fóònù. Ẹ kọ ìgbà tí wọ́n pe nọ́ọ̀sì, ìgbà tí aspirin dé ọwọ́, ìgbà tí ECG jáde, ìgbà tí ẹ pe 767 (nínú ìdánrawò, ẹ kàn fẹnu pè é). Ẹ ṣe é lóru nígbà míì, láìsí iná. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni wí; ibi tí àkókò ti sọnù ni ẹ ń wá, ó sì máa ń jẹ́ ohun kékeré bíi kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú báàgì mátírọ̀ọ̀nù tó ti lọ sílé.

Bí èyí tó jẹ́ òótọ́ bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe ilé ìwòsàn tó gbà á lọ́jọ́ kejì, ẹ béèrè bí aláìsàn ṣe ń ṣe àti ohun tí wọn ì bá ti fẹ́ kí ẹ ṣe kó tó dé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tí ẹ kọ ìdánrawò sí. Kí ẹni tó ń gba iṣẹ́ tó buwọ́ lu pílásítà tuntun lẹ́nu dúrọ́ọ̀, kí aspirin, kánúlà àti bébà ECG tí a lò ti padà sí àyè wọn.